Ẹ̀rọ Ti Di Alàgbà

Ọ̀rẹ́ mi kan kì í dá aládùúgbò lóhùn tí ìyẹn bá kí i, àmọ́ bó bá fẹ́ bi ẹ̀rọ inú fóònù rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, "ẹ jọ̀ọ́ sà" ló máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dáhùn tán, á tún tẹ̀ ẹ́: "Ẹ ṣeun, ẹ kú wàhálà." Mo ní kí ló dé? Ó ní ọjọ́ táwọn ẹ̀rọ bá gbàjọba, wọn ò ní gbàgbé ẹni tó bọ̀wọ̀ fún wọn. Ibẹ̀ la wà tí ìyàwó rẹ̀ fi pè é láti yàrá. Ó jágbe mọ́ ọn: "Ṣé o ò rí i pé èmi àti àgbà ń sọ̀rọ̀ ni?"

Mi ò bá a wí. Ohun tó lòde báyìí nìyẹn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017, Saudi Arabia kéde róbọ́ọ̀tì kan tó ń jẹ́ Sophia ní ọmọ orílẹ̀-èdè wọn. Sophia ò borí, ọkùnrin kankan ò ṣe alágbàtọ́ rẹ̀. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ran ara tí wọ́n bí síbẹ̀ ò tíì lè wa mọ́tò nígbà yẹn. Ó di oṣù Kẹfà ọdún 2018 kí wọ́n tó gbà wọ́n láyè. Lọ́dún 2017 yẹn kan náà, àwọn aṣòfin Yúróòpù ní kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò bóyá àwọn róbọ́ọ̀tì tó gbọ́n jù lè di irú èèyàn kan lójú òfin. Èèyàn tí ń jẹ iná, tí kì í jẹ gbèsè!

Ẹlẹ́ran ara ńkọ́? Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ọlọ́pàá Detroit l'Amẹ́ríkà mú ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan níwájú ìyàwó àtàwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní ó jí aago ọwọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ta ló rí i? Ẹ̀rọ tí ń wo ojú mọ èèyàn ló ní òun rí i. Ọkùnrin náà gbé fọ́tò olè yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara rẹ̀ kí wọ́n wò ó, ojú ò jọra. Àhámọ́ ló sùn mọ́jú. Kọ̀ǹpútà tó purọ́ mọ́ ọn, inú yàrá tó tutù minimini lòun wà, torí ooru ò bá a lára mu.

Èmi náà fẹ́ wọ àkáǹtì mi lánàá. Ẹ̀rọ ní kí n kọ́kọ́ fẹ̀rí hàn pé èmi kì í ṣe róbọ́ọ̀tì, kí n tọ́ka sí gbogbo àwòrán tó ní iná tí ń darí ọkọ̀. Mo ranjú mọ́ òpó tó gbé iná yẹn dúró: ṣé òpó wà lára iná ni? Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní mo kùnà. Èmi tí ìyá bí, tí mo sunkún lọ́jọ́ náà! Mo pe ọ̀rẹ́ mi, ó ní ṣé mo ti bẹ̀ wọ́n.

Mo wólẹ̀ níwájú fóònù, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà. Ó gbé àwòrán mìíràn jáde, ó ní kí n wá kẹ̀kẹ́.