Igún kì í fi imú wá òkú

Ẹ bi ẹni mẹ́wàá léèrè bí igún ṣe ń mọ ibi tí òkú ẹran wà, mẹ́sàn-án á ní òórùn ló gbọ́. Àwọn kan tiẹ̀ gbà pé ó ń gbọ́ òórùn ikú lára ẹni tí kò tíì kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ̀kò lù ú tó bá bà lórùlé. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ní kékeré nìyẹn, mo sì gbà á títí èmi àti ìyàwó mi fi háyà mọ́tò ní Johannesburg, tí a fúnra wa wà á wọ Kruger ní South Africa. Igbó ẹranko yẹn tóbi, ó sún mọ́ 20,000 kìlómítà onígun mẹ́rin. Kò sí afinimọ̀nà pẹ̀lú wa. Èèyàn ò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 50 ní wákàtí kan lójú ọ̀dà, 40 lójú yẹ̀pẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ àfi níbi tí wọ́n bá yà sọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lójú ọ̀nà S100 lẹ́bàá Satara, ọ̀kan lára àwọn ibùdó àlejò inú Kruger, òórùn burúkú kan já wọ inú mọ́tò. Ìyàwó mi fi ìborùn bo imú. Lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó ṣú dùdù, ẹsẹ̀ impala kan, ẹran ìgbẹ́ tó jọ àgbọ̀nrín, yọ síta, eṣinṣin ń hó lé e lórí. Ó tó wákàtí kan tí a fi jókòó síbẹ̀. Igún ń kọjá lókè wa, mẹ́ta, lẹ́yìn náà méjì. Kò sí èyí tó yà. Ìkookò, èyí tí òyìnbó ń pè ní hyena, ló padà wá. Ó ń gbé imú sókè, ó ń rọra bọ̀, ó sì wọ abẹ́ igi náà tààrà.

Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, kò jìnnà síbẹ̀, kìnnìún ti pa ẹfọ̀n kan sí gbangba kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ, kò rùn rárá. Igún wà lórí igi lọ́tùn-ún lósì, wọn ò mira. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, oòrùn ti mú ilẹ̀ gbóná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Idì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní bateleur ló kọ́kọ́ yí po lórí ẹran náà. Igún kan rí i, ó ká ìyẹ́ mọ́ra, ó na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó já bọ́ bí òkúta. Kò pẹ́ tí òmíràn fi tẹ̀ lé e, tí a tún ń rí àwọn mìíràn tó ń bọ̀ láti ibi tí ojú wa ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ká. Mo kà á dé 40 kí n tó ṣìkà.

Ojú ni igún fi ń wá òkú, kì í ṣe imú. Igún ilẹ̀ Áfíríkà wúwo, ẹlòmíràn ju kílò 5 lọ, kò lè máa ju ìyẹ́ kiri látàárọ̀. Ó ń dúró de afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ru sókè láti ilẹ̀, òun ló ń gbé e. Lókè lọ́hùn-ún, ó ń wo ilẹ̀, ó sì ń wo igún tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún àti èyí tó wà lọ́wọ́ òsì. Bí ọ̀kan bá já wálẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ rí i, aládùúgbò aládùúgbò rẹ̀ rí ìyẹn náà. Ohun tí wọ́n ń pè ní òórùn láti ọ̀nà jíjìn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn baba wa sì ti wò ó rí. Wọ́n ní, "Gúnnugún bà lórùlé, ojú tólé, ojú tóko." Ẹ ò rí i pé wọn ò dárúkọ imú?

Igún tó ń gbóòórùn wà lóòótọ́, àmọ́ Amẹ́ríkà àti Kúbà ló wà, olórí pupa kan báyìí. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, àwọn tó ń ṣe gáàsì ní California rí i pé ibi tí páìpù bá ti ń jò ni ẹyẹ náà ń rọ́ dé, torí pé nǹkan olóòórùn tí wọ́n fi sínú gáàsì wà lára òkú ẹran náà. Ẹyẹ yẹn àti tiwa jọra ni, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn tó ń sọ pé májèlé ò lè mú igún, pé imú rẹ̀ á ti kìlọ̀ fún un. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nínú Kruger yìí kan náà, àwọn kan fi májèlé sí òkú erin. Igún 123 kú. 84 ni wọ́n rí gbà là. Lọ́dọ̀ tiwa, orí igún wà lórí àtẹ àwọn tó ń ta èèlò, torí wọ́n ní ó ń ríran. Láti 2015 ni wọ́n ti ka igún tó máa ń wà nídìí ilé ẹran wa mọ́ àwọn ẹyẹ tó sún mọ́ àtirun pátápátá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa wa ara yín wọ Kruger, igún tó jókòó sórí igi ní aago mẹ́fà àárọ̀ kò tọ́ka sí nǹkan kan. Èyí tó ń yí po lókè náà, afẹ́fẹ́ ló ń gùn. Àfi tí wọ́n bá ń já wálẹ̀ tẹ̀ léra, tẹsẹ̀ nínà, ẹ wakọ̀ lọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá bà sórí igi, tí wọ́n ń wo ìsàlẹ̀ tí wọn ò sọ̀, kìnnìún ṣì wà nídìí ẹran náà.

Lọ́jọ́ tí a ń padà bọ̀, abo kìnnìún kan sùn sábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà, kò tiẹ̀ wo mọ́tò wa. Ìgbà tí igún bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lódì kejì odò ló gbé orí sókè. Ó wo ojú ọ̀run fúngbà díẹ̀, ó dìde, ó sì gba ibẹ̀ lọ.