Ọ̀nà Ilé-Ìwé Tó Wà Lẹ́yìn Ilé Wa

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, mo fẹ́ sọ ọ́ jáde lónìí.

Ọdún kẹsàn-án mi rèé ní Òkè-Àró. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan wà lẹ́yìn ilé wa, ògiri ló là wá láàárín. Ilé-ìwé aládàáni ni àwọn ọmọ tèmi ń lọ, nítorí náà mi ò ka ibẹ̀ sí tèmi rárá. Agogo wọn nìkan ni mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ara ọmọ aládùúgbò wa ò yá, ìyá rẹ̀ wà lọ́jà, ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun lọ mú un. Bí mo ṣe wọ kíláàsì wọn nìyẹn. Ọmọ mẹ́rin ló fún ara wọn mọ́ orí bẹ́ǹṣì ẹni méjì. Ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan ti kán, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fi gbé e dúró. Ọmọbìnrin kan ò rí ibi jókòó, ó kúnlẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ìwé lé orí ìjókòó, ó ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ funfun fún eruku. Ó gbójú sókè, ó kí mi dáadáa, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Oúnjẹ ọ̀sán ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi lọ́jọ́ náà.

Mo lọ bá bàbá káfíńtà tó wà ní oríta wa. Ṣé ẹ mọ̀ pé ilé-ìwé yẹn ló ti kàwé? Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Ẹ wá pákó, ẹ má wá owó iṣẹ́." Ẹgbẹ́ onílé dá owó pákó àti ìṣó. Sátidé méjì péré, bẹ́ǹṣì mẹ́tàdínlógún ló dìde.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, mi ò ní ká gba iṣẹ́ ìjọba ṣe. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ, èyí tí wọ́n ń pè ní UBE, ti ọdún 2004 ti sọ ọ́ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta girama, dandan sì ni. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbé owó tirẹ̀ kalẹ̀ kí ti àpapọ̀ tó wọlé. Owó yẹn ló yẹ kó kọ́ kíláàsì. Àmọ́ nígbà tí agbaṣẹ́ṣe bá dé, ta ní ń wo bóyá páànù tó kàn nípọn? Ta ní ń béèrè iye àpò sìmẹ́ǹtì? Àwa tí a ń gbé ibẹ̀ ló yẹ ká béèrè.

Ibi tí a ti lè béèrè sì wà. Ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé, èyí tí wọ́n ń pè ní SBMC, kì í ṣe ti olùkọ́ àti òbí nìkan. Ààyè wà níbẹ̀ fún aṣojú ìlú, àwọn obìnrin, oníṣẹ́ ọwọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, kódà fún àwọn ọmọ ilé-ìwé fúnra wọn. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tiwa sọ pé nígbà tí òun pe ìpàdé kẹ́yìn, ẹni mẹ́ta ló wá.

Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn lóṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, ọ̀pọ̀ ìlú ló yọ̀ǹda ilẹ̀, tí àwọn èèyàn rẹ̀ sì fi ọwọ́ ara wọn mọ ògiri kíláàsì. Wọn ò bi ara wọn léèrè pé ọmọ ta ni yóò jókòó níbẹ̀.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti òbí tó jẹ́ pé ọjọ́ tí olùkọ́ bá na ọmọ rẹ̀ nìkan ló mọ ọ̀nà ilé-ìwé. Yóò wọlé pẹ̀lú ariwo, yóò bú olùkọ́ lójú àwọn ọmọ, ó di ọdún mìíràn. Olùkọ́ kan ṣoṣo tó ń kọ́ kíláàsì méjì pa pọ̀! Ẹ dákun, ẹ lọ kí i lọ́jọ́ tí ìjà ò sí.

Sátidé tó ń bọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin la fẹ́ ṣe. Kò ní ìlẹ̀kùn, aṣọ ni wọ́n ta dí ẹnu ọ̀nà. Bàbá káfíńtà ti ní òun ń bọ̀. Pákó wà nílẹ̀, ìkọ́ ìlẹ̀kùn mẹ́rin àti kọ́kọ́rọ́ méjì ló kù. Ẹni tó bá ní, tàbí tó ní ọwọ́ tó lè di pákó mú, aago mẹ́jọ àárọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀.