Ariwo ará ìlú ló yọ omi kúrò lọ́jà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ ibi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé àwọn aláṣẹ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló fínnúfíndọ̀ yọ omi kúrò nínú òfin ọdún 2014 lórí gbígbé iṣẹ́ ìlú fún àwọn oníṣòwò, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ariwo ará ìlú ló yọ ọ́. Lọ́dún 2013, ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ èèyàn tó fọwọ́ sí ìwé pé omi kì í ṣe ọjà. Ṣé iye yẹn kéré ni?

Mo wà ní Berlin nígbà yẹn. Ọdún 1999 ni ìlú náà ti ta bí ìdajì ilé-iṣẹ́ omi rẹ̀, tí wọ́n sì fi ìwé àdéhùn pamọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2011, àwọn ará ìlú dìbò pé kí wọ́n tú u síta. Mo rí ìyá àgbà tá a jọ ń gbélé, tó ń fi ọ̀pá rìn tẹ̀ẹ́-tẹ̀ẹ́ nínú òtútù lọ síbi ìdìbò. Kò jẹ́ kí n di òun lọ́wọ́ mú. Nígbà tó fi máa di ìparí ọdún 2013, ìlú ti ra gbogbo ìpín ilé-iṣẹ́ omi tó tà padà, owó ńlá ló sì ná wọn.