Owó Ta Ni Mo Ń Torí Ẹ̀ Lóṣòó?

Bọ̀ọ̀dá mi àgbà tún pè mí lánàá. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n bá wá: "Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ọmọ òṣómàáló, ìwọ lo fi owó sílẹ̀ l'Ékòó torí pé ó rẹ̀ ẹ́?" Mo ní kí wọ́n má bínú, mo kí wọn pé ó dàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n tètè sùn.

Bàbá bàbá wa wà lára àwọn òṣómàáló lóòótọ́. Aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn kiri ilẹ̀ Èkìtì. Tí ọjọ́ owó bá pé, wọ́n á ti lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè kí ilẹ̀ tó mọ́: òṣó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi. Ibẹ̀ náà lorúkọ ọ̀hún ti wá. Ṣùgbọ́n owó ta ni bàbá ń torí ẹ̀ lóṣòó? Owó ara wọn ni. Tí Ìwúde, ọdún ìbílẹ̀ Iléṣà, bá sì ti ń sún mọ́lé, wọ́n á di ẹrù, wọ́n á forí lé Iléṣà. Kò sí ọ̀gá kankan tí wọ́n ń kọ̀wé ìsinmi sí.

Èmi náà lóṣòó o, ọdún mẹ́fà gbáko. Báńkì kan l'Ékòó ló gbà mí pé kí n máa wá àwọn tó máa kówó wá. Àwọn ìyá ọlọ́jà ní Balógun ń pè mí ní Àǹtí Báńkì. Mo lè wà lórí àpótí ìyá aláṣọ kan láti aago mẹ́wàá títí di aago méjì, kí n máa bá wọn ká léèsì, kí n máa bá wọn pe oníbàárà, torí mílíọ̀nù kan tí wọ́n ní àwọn máa kó wá lópin oṣù. Òpin oṣù á dé, wọ́n á kó o lọ sí báńkì mìíràn. Tó bá di Mọ́ńdè, ọ̀gá mi á mú mi dúró níwájú gbogbo ọ́fíìsì, kí n wá ṣàlàyé ìdí tí mi ò fi bá táágẹ́ẹ̀tì. Owó tí kì í ṣe tèmi, tí kì í kúkú ṣe ti ọ̀gá náà.

310,000 náírà ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Ìkòròdú ni mò ń gbé, Marina ni ọ́fíìsì. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mò ń jáde. Tí Third Mainland bá ti dì pa, aago mẹ́wàá alẹ́ ló ń bá mi lójú ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, tí lítà kan fò láti 185 sí 488 náírà l'Ékòó, owó ọkọ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Owó oṣù ò mira. Ẹni tó ń bá mi wo ọmọ ń gba tiẹ̀, ẹni tó ń ta oúnjẹ ọ̀sán ń gba tiẹ̀.

Síbẹ̀, eyín ló lé mi wálé. Eyín iwájú ọmọ mi obìnrin yọ ní ọjọ́ Tuesday kan. Ìyá tó wà ní yàrá kejì ló bá a jù ú sórí òrùlé, tó sì lé alángbá sẹ́yìn kó má bàa rí i. Sunday ni mo tó rí àlàfo náà lẹ́nu ẹ̀, nígbà tó ń jẹ àgbàdo. (Bàbá ẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Ilé ìtajà kòkó kan ní Iléṣà ni mo ti ń ṣe akọ̀wé báyìí, 140,000 lóṣù. Àwọn àgbẹ̀ ń kó kòkó wá láti ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà àti Ìpetu. Ọ̀gá mi á ki ọwọ́ bọ àpò, á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, á fún un mọ́ ọwọ́ kó lè gbọ́ bóyá ó ń dún wàràwàrà. Á wá fi ọ̀bẹ la mélòó kan: tí inú ẹ̀ bá ṣì pọ́n bí àlùkò, wọn ò bò ó pẹ́ tó kí wọ́n tó sá a nìyẹn, àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀. Èmi ń kọ kílò sílẹ̀. Ní 2024 tí tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé, gbogbo ẹbí rò pé mo ti dolówó. Inú ìwé mi lowó yẹn ń gbà kọjá, kò yà sápò mi.

Mi ò purọ́ pé iṣẹ́ yìí rọrùn. Lásìkò ìkórè, a máa ń pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí àsìkò yẹn máa tán. Lọ́jọ́ tó kù, aago márùn-ún ti ń bá mi lójà Àtàkúnmọ́sà, iṣu ti ń hó kí aago méje tó lù.

Ilé bàbá mi ni mò ń gbé, mi ò san owó ilé. Bí kò bá sí ìyẹn, bóyá n ò ní lè fẹnu ṣe báyìí. Ẹni tó ń gba 70,000, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024, kí ló fẹ́ yàn níbẹ̀? Ebi kì í wọnú kọ́rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Èmi náà ti jẹ́ kí aṣọ ẹbí mẹ́ta kọjá lọ́dún yìí, ọ̀kan nínú ẹ̀ sì dùn mí gan-an.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọ̀gá mi àtijọ́ pè mí pé òun ti dé báńkì mìíràn, 450,000, kí n máa bọ̀. Mo bi wọ́n bóyá táágẹ́ẹ̀tì ṣì wà. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Mo ní ẹ ṣeun, sà.

Màámi ń ṣa ẹ̀gúsí nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Èló lo pè é?" Mo tún un sọ. Wọ́n tẹjú mọ́ ẹ̀gúsí wọn padà, wọ́n ní kí n ṣáà má jẹ́ kí bọ̀ọ̀dá mi gbọ́.