Igi inú ọkọ̀: díẹ̀ ló ń dùn

Ọ̀rọ̀ igi inú ọkọ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, torí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Mo fẹ́ràn igi nínú ọkọ̀ púpọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n bá fi ojúlówó igi ṣe iwájú rẹ̀, tí ìlà igi náà hàn ketekete, tí àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti àga mu, ara máa ń tù mí tí mo bá jókòó sínú rẹ̀. Ìfẹ́ yẹn gan-an ló fà á tí inú mi fi ń bàjẹ́ nígbà tí mo bá rí ọkọ̀ tó dára láti ilé iṣẹ́, tí ẹni tó ni ín wá ra ike aláwọ̀ igi, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú rédíò, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ihò afẹ́fẹ́, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó tún fi yí ibi tí wọ́n ń gbé ife sí ká. Èrò tèmi ni pé ibi méjì tàbí mẹ́ta péré ló yẹ kí igi wà nínú ọkọ̀. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, àṣejù ti wọ̀ ọ́.

Igi ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé inú ọkọ̀, kì í sì í ṣe torí ọ̀ṣọ́ ló ṣe kọ́kọ́ débẹ̀. Nínú àwọn tó kọ́kọ́ kan ara mọ́tò, púpọ̀ ló jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ẹṣin ni wọ́n ń kàn tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ igi ni wọ́n mọ̀, igi ni wọ́n sì fi ṣe egungun ọkọ̀ kí wọ́n tó fi páànù bò ó. Dáṣíbọ́ọ̀dù tí gbogbo wa ń wò lónìí, pákó ni lára kẹ̀kẹ́ ẹṣin; ó ń dí ẹrẹ̀ tí pátákò ẹṣin ń ta sẹ́yìn kó má bàa ba aṣọ àwọn tó jókòó jẹ́. Nígbà tó yá, irin gba iṣẹ́ egungun lọ́wọ́ igi, àmọ́ igi kò kúrò níwájú awakọ̀ nínú ọkọ̀ olówó ńlá. Ilé iṣẹ́ Morgan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lo igi kan tí wọ́n ń pè ní ash nínú férémù ara ọkọ̀ wọn títí di òní, mo sì gbóríyìn fún wọn.

Ọ̀nà míì ni wọ́n gbà ní Amẹ́ríkà. Ford Country Squire, tí wọ́n ṣe láti 1950 títí di 1991, pákó gidi ló wà lára rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ara ọkọ̀ náà fi di irin, tí wọ́n wá ń lẹ rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní àwòrán igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó mú kí igi tí kì í ṣe igi di ohun tójú mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ojúlówó? Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ló dùn mọ́ mi jù. Igi tó lókìkí jù lọ fún inú ọkọ̀ ni walnut, pàápàá kókó ara rẹ̀. Kókó yìí ni ibi tí igi ti wú, tí ìlà inú rẹ̀ kò lọ tààrà mọ́, tó lọ́ mọ́ra, tó yí po, tó sì ní ojú wẹ́wẹ́ káàkiri. Ẹ ò lè rí kókó méjì tó jọra délẹ̀délẹ̀. Wọ́n á fi ọ̀bẹ ńlá bẹ́ ẹ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan kì í sì í sábà nípọn tó mìlímítà kan. Wọ́n á mú pẹlẹbẹ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n á ṣí wọn bí ẹni ṣí ìwé, apá ọ̀tún á wá dà bí òjìji apá òsì. Tẹ́ ẹ bá láǹfààní láti jókòó sínú Bentley tí wọ́n fi kókó walnut ṣe iwájú rẹ̀, ẹ wá ibi tí igi ti pàdé ara rẹ̀. Gbogbo àpá tẹ́ ẹ bá rí lápá kan, ẹ ó rí ìkejì rẹ̀ lápá kejì.

Rolls-Royce a máa mú igi tí wọ́n fẹ́ lò nínú ọkọ̀ kan láti ara igi kan ṣoṣo, kí àwọ̀ gbogbo rẹ̀ lè jọ máa yí padà bí ọdún ti ń gorí ọdún. Mercedes-Benz lo zebrano, igi tó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ dúdú, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ W126, ìyẹn ọkọ̀ ńlá wọn ti àwọn ọdún 1980, ó sì wà lára ohun tí àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn fi ń rántí rẹ̀. Lexus ní tiwọn ń to pẹlẹbẹ igi tó dúdú àti èyí tó mọ́lẹ̀ léra, wọ́n ń pè é ní Shimamoku. Láti fi ṣe sítíárì kan ṣoṣo, ìpele iṣẹ́ 67 ni wọ́n ń gbà, ó sì ń gba ọjọ́ 38. Ọjọ́ 38 lórí nǹkan tí awakọ̀ kàn máa di mú! Ẹni tó bá ti mọ̀ pé irú wàhálà báyìí wà lẹ́yìn igi inú ọkọ̀, kò ní máa fojú sítíkà wò ó.

Ohun kan tún wà tójú kì í rí. Lẹ́yìn pẹlẹbẹ igi yẹn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fi alumíníọ̀mù tì í, kí igi má bàa fọ́ sí ṣóńṣó-ṣóńṣó kó gún èèyàn bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Káfíńtà tó bá gé pákó lásán tó fi í síwájú ọkọ̀ kò ṣe ohun tí ilé iṣẹ́ ń ṣe, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dáa tó.

Ní ti ike aláwọ̀ igi, mi ò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Èyí tó dáa jù nínú wọn ni èyí tí wọ́n fi omi ṣe. Fíìmù fẹ́lẹ́ tí wọ́n tẹ àwòrán igi sí ni wọ́n máa tẹ́ sójú omi, wọ́n á fín kẹ́míkà sí i títí fíìmù náà á fi yọ́, tí àwọ̀ rẹ̀ nìkan á léfòó. Wọ́n á wá rọra ri ike náà bọ inú omi, àwọ̀ á gbá a mú lára, títí kan kọ̀rọ̀ àti ibi tó tẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ tó gbẹ, fáníìṣì tó mọ́ gaara ló kù. Bí ọwọ́ ẹni tó ṣe é bá já gaara, ojú lè má tètè mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn ń lo ọ̀nà yìí.

Ohun tó ń tú àṣírí rẹ̀ ni pé àwòrán kan náà ló ń padà wá. Ojú kan tó wà lára igi ilẹ̀kùn ọ̀tún, òun náà lẹ ó tún bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, kò yí, kò yẹ̀. Ìlà igi máa wà ní ìbú níwájú, tó bá dé ilẹ̀kùn á wá dìde dúró, bíi pé igi méjì tí ò mọra ni wọ́n ti wá. Àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń pọ́n jù, á máa dán yanran. Bí ẹ bá tiẹ̀ máa lo ike, ẹ mú èyí tí àwọ̀ rẹ̀ tutù, tí ìlà rẹ̀ kò pariwo, kẹ́ ẹ sì rí i pé ìlà gbogbo rẹ̀ kọjú sí ibì kan náà.

Mo ní ẹjọ́ láti bá àwọn ilé iṣẹ́ ńlá rò náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń da fáníìṣì lé orí ojúlówó igi, tó nípọn débi pé dígí lọwọ́ ń bà, kì í ṣe igi. Kí wá ni ìyàtọ̀ ẹ̀ sí ike fún ẹni tó bá fọwọ́ kàn án? Inú mi dùn pé ọ̀pọ̀ wọn ti ń padà sí fáníìṣì fẹ́lẹ́ tí kì í dán, tí ọwọ́ á ṣì máa gbọ́ bí ìlà igi ṣe ga tó sì rẹlẹ̀. Èyí ni mo fara mọ́ jù. Kì í tan ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà sójú awakọ̀, ìtẹ̀ka kì í sì í hàn lára rẹ̀ bíi ti èyí tó ń dán.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ́ fi igi kún ọkọ̀ tí kò bá igi wá. Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun tí wọ́n ń lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá irú ọkọ̀ yín kan náà ní èyí tó ga jù ú lọ, tó bá igi wá láti ilé iṣẹ́. Ó sábà máa ń wà. Àlòkù pánẹ́ẹ̀lì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wọ inú tiyín ṣinṣin, níbi tí ti tẹ́lẹ̀ ti ń há, kò ní gba gọ́ọ̀mù rárá. Ẹ rí i pé ọdún wọn bára mu, àti pé ihò bọ́tìnnì wọn kò yàtọ̀. Mo gbà pé ọ̀nà yìí sàn ju gbogbo yòókù lọ, torí ẹni tó ya ọkọ̀ náà ló pinnu ibi tí igi máa wà.

Bó bá jẹ́ lílẹ̀ náà lẹ máa lẹ̀, ìmọ́tótó ni olórí iṣẹ́. Òróró tí wọ́n fi ń mú dáṣíbọ́ọ̀dù dán ni ọ̀tá gọ́ọ̀mù. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ wá fi isopropyl alcohol nu ibẹ̀ títí ọwọ́ ò fi ní yọ̀ mọ́. Ẹ gbé e síbi tẹ́ ẹ fẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ wò ó dáadáa, torí gọ́ọ̀mù gidi kì í fún èèyàn láyè láti sún un lẹ́ẹ̀kejì. Irú gọ́ọ̀mù VHB, ìyẹn téèpù alágbára tí ilé iṣẹ́ 3M ń ṣe, tó wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 72 kó tó di mú pátápátá, nítorí náà ẹ má fi èékánná dán an wò lọ́jọ́ kejì. Bí ibẹ̀ bá tutù, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ibì kan wà tí mi ò ní fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, ìyẹn airbag, àpò afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde láti dáàbò bo èèyàn bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má lẹ ohunkóhun mọ́ ojú sítíárì níbi tí airbag wà, ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó wà níwájú ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹ má sì fi bo ara òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí tí airbag bá wà nínú rẹ̀. Ibì kan wà lójú rẹ̀ tí wọ́n ti mú kó fẹ́lẹ́ kí ibẹ̀ lè ya lẹ́ẹ̀kan náà tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Tí ike tàbí igi bá wà lórí rẹ̀, ó lè dí airbag lọ́wọ́, tàbí kí ó fò sójú èèyàn bí òkò. Airbag kì í gba ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó tú jáde tán; kò sí bí èèyàn ṣe máa yẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ní òun lè ṣe é fún yín, tó sì fẹ́ lẹ igi bo ojú airbag, ẹ gba ọkọ̀ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ibi tó yẹ kẹ́ ẹ fi sí, mo fara mọ́ ìlà kan tó gba iwájú ọkọ̀ kọjá, àti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi kún un, ẹ fi tẹ́ẹ́rẹ́ sára ilẹ̀kùn. Ẹ má po irú igi méjì pọ̀. Igi tó dúdú bíi walnut máa ń bá awọ aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí awọ funfun ràkọ̀ràkọ̀ lọ dáadáa. Nínú ọkọ̀ tí gbogbo inú rẹ̀ dúdú, igi tó mọ́lẹ̀ díẹ̀, tí kò sì dán, ló máa ń mú kí ibẹ̀ tura. Àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé tó jẹ́ pé ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá kan ló gba gbogbo iwájú wọn, ẹ jọ̀ọ́, orí jíà nìkan ti tó.

Tẹ́ ẹ bá máa ra ojúlówó, ẹ bi ẹni tó ń tà á nípa ibi tí igi náà ti wá. Láti 2017 ni gbogbo ìran Dalbergia, ìyẹn ìran tí rosewood ti wá, ti wà lábẹ́ àkóso CITES, àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣọ́ òwò ẹranko àti igi tó lè tán nílẹ̀, torí bí wọ́n ṣe ń gé wọn láìdáwọ́ dúró. Walnut, maple àti oak pọ̀ tó láti ṣe ọkọ̀ wa lọ́ṣọ̀ọ́. Mi ò rí ìdí tó fi yẹ ká fi igi tó ń tán lọ ṣe ẹnu ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní ọkọ̀ àtijọ́ tí fáníìṣì igi rẹ̀ ti sán, ẹ má yára yọ ọ́ dà nù kẹ́ ẹ fi ike rọ́pò rẹ̀. Oòrùn ló ń ṣe fáníìṣì náà bẹ́ẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní nǹkan kan tó ń ṣe é. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè yọ fáníìṣì àtijọ́ náà, kó fi òmíràn kùn ún, àwọ̀ igi á sì jáde bíi tàná. Kó má fi sáńpépà líle họ ọ́ ṣá o, torí pẹlẹbẹ tí ò tó mìlímítà kan ló wà níbẹ̀. Tó bá họ ọ́ dé ìsàlẹ̀, kò sí bó ṣe máa dá a padà.