Kábọ́ọ̀nù-13 kì í tan ìtànṣán

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, nínú ìròyìn yín, ẹ tún ibi tẹ́ ẹ ti pe kábọ́ọ̀nù-13 (irú kábọ́ọ̀nù kan tó wúwo díẹ̀ ju kábọ́ọ̀nù lásán lọ) ní "ohun olóró tó ń tan ìtànṣán" kọ. Kábọ́ọ̀nù-14 ló ń tan ìtànṣán. Ti 13 yìí wà nínú oúnjẹ gbogbo wa, nǹkan bí 1% kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀.

Ní Yunifásítì Illinois, ní Amẹ́ríkà, wọ́n fi kábọ́ọ̀nù-13 yìí sàmì sí lycopene, èròjà tó ń mú tòmátì pupa, kí wọ́n lè dá a mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá jẹ ẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tòmátì ni wọ́n tọ́ nínú ìgò tí ẹ̀rọ ń mì, tí gúlúkóòsì tí kábọ́ọ̀nù-13 wà nínú rẹ̀ (gúlúkóòsì oní-13) sì rọ́pò ṣúgà lásán. Oògùn CPTA ni wọ́n fi dí ọ̀nà tí lycopene ń gbà di beta-carotene, èròjà aláwọ̀ ọsàn, kí lycopene lè pọ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi sínú ìgò, ló sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Ṣúgà àti sítáàṣì oní-kábọ́ọ̀nù lásán ṣì wà nínú rẹ̀. Lycopene tí ìwọ̀n mólékù rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 576 bí gbogbo kábọ́ọ̀nù rẹ̀ bá jẹ́ 13 á fọ́n ká sí 575, 574, 570, á sì ṣòro láti dá a mọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ sẹ́ẹ̀lì ìbẹ̀rẹ̀ náà nínú gúlúkóòsì oní-13 fún ìran kan, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ èyí tí wọ́n máa kórè. Bí bakitéríà bá sì ráyè wọ inú ìgò, owó gúlúkóòsì ti wọgbó nìyẹn. Abẹ́ ìmọ́lẹ̀ pupa tàbí yẹ́lò ni kí wọ́n ti fi hexane àti acetone, àwọn kẹ́míkà olómi tó ń yọ́ nǹkan, yọ lycopene náà, torí ìmọ́lẹ̀ líle máa ń yí ìrísí lycopene padà.