Irọ́ ni pé òfin ti ilẹ̀kùn iléèwé mọ́ ọmọ tó lóyún

Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp: pé òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n lé ọmọbìnrin tó bá lóyún kúrò níléèwé pátápátá, àti pé ẹni tó bá ti ń ṣe nǹkan oṣù, ara rẹ̀ ti tó ọmọ bí. Irọ́ ni méjèèjì.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, abala 15, sọ ọ́ gbangba pé ọmọbìnrin tó lóyún kó tó parí ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ rí àǹfààní láti máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tó bá bímọ. Ọ̀gá iléèwé tó bá lé e tó sì fi òfin bojú, òfin ti ara rẹ̀ ló ṣe.

Ara ńkọ́? Egungun ìbàdí ṣì máa ń dàgbà fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn nǹkan oṣù àkọ́kọ́. Bí orí ọmọ bá há síbẹ̀ pẹ́, tí kò sí ẹni tó lè ṣiṣẹ́ abẹ, ó lè dá ihò sí àárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara, kí ìtọ̀ wá máa jò tọ̀sán tòru. Gìrì aláboyún náà tún máa ń mú àwọn ọmọbìnrin tó lóyún láìtíì pé ogún ọdún ju àwọn ọmọ ọdún 20 sí 24 lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aláboyún rí òṣìṣẹ́ ìlera ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹjọ, kí àkọ́kọ́ wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ 12. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 15 ń fi ìró bo ikùn, ìtìjú ò jẹ́ kó jáde. Nọ́ọ̀sì tó bá sì fi “ta ló fún ẹ lóyún?” kí i káàbọ̀ níwájú èrò, ó lè má rí i mọ́ títí ọmọ á fi máa mú un.